Tí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣí níwájú ìpàdé, àṣírí ta ló wà níbẹ̀?

Ìyá Hámídà, Ìbàdàn

As-salaamu alaykum o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí á jọ fikùn lukùn lé e lórí.

Láti ìgbà kòrónà ni ẹgbẹ́ asálátù wa ti ń ṣèpàdé lórí Zoom. Kòrónà lọ, Zoom ò lọ, nítorí àwọn kan nínú wa ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, wọn ò sì fẹ́ kí á já àwọn sílẹ̀. Níbi ìpàdé tó kọjá, akápò fẹ́ fi ìṣirò owó ọdún hàn wá. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó ṣe ń wá ìwé owó kiri ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp yọ nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún. Arábìnrin kan nínú wa ló kọ ọ́: onílé ti fún àwọn ní gbèdéke, kí wọ́n jọ̀ọ́ yá òun lówó nínú àpò ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lókè ọ̀rọ̀ náà. Òun náà wà lórí ìpàdé, ó ń wò ó bí a ṣe ń wò ó. Ó pa kámẹ́rà rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ṣàdúà túká. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti ya àwòrán ojú ìpàdé yẹn, ó ti dé gúrúùpù tí kì í ṣe tiwa.

Àwọn kan ní akápò ló lẹ̀bi. Àwọn kan ní ta ló ní kí arábìnrin yẹn kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí WhatsApp. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwa tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wa, àti ẹni tó yà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kó sọ bí irú rẹ̀ ò ṣe ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀sìn, kó sọ ohun tó jẹ́ ojúṣe olúkúlùkù.

Ọmọ Ìwó

Wa alaykumu s-salaam. Háà! Kí Ọlọ́hun má dójú tì wá. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ló bí mi nínú jù.

Bàbá Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Hámídà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá tẹ Share Screen lórí Zoom, yóò tẹ́ gbogbo ohun tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín síwájú yín ní àwòrán kéékèèké. Èyí tí wọ́n kọ Screen tàbí Desktop sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré tẹ̀, nítorí òun ló wà níwájú. Òun náà ló ń tú èèyàn láṣìírí. Ìwé owó nìkan ni kí ẹ yàn. Kí WhatsApp máa dún títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i. Lórí Google Meet, ẹ yan tab kan ṣoṣo, ìyẹn ojú-ewé kan nínú àwọn tí ẹ ṣí sórí Chrome. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé tí ẹ bá fẹ́ bọ́ sínú ìwé mìíràn, ẹ ní láti tún yàn, àwọn èèyàn á sì máa pariwo pé "a ò rí nǹkan kan mọ́ o". Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìfitónilétí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Lórí Windows 11, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ N, ẹ máa rí àwòrán agogo kékeré kan lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́, òun ni Do not disturb. Lórí Mac, inú Control Centre ló wà, níbi Focus. WhatsApp tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn rọra fi í sápá kan o, ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Àmọ́ WhatsApp nìkan kọ́ ni ẹlẹ́nu jíjó. Ẹ ṣí Excel wò. Kó tó ṣí ìwé kankan, ó ti to orúkọ gbogbo ìwé tí ẹ ṣí láìpẹ́ sílẹ̀. Ìpàdé kan ṣojú mi tí olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ṣí i báyìí, tí "Àwọn olùkọ́ tí a máa dá dúró" hàn rekete níbẹ̀, tí àwọn olùkọ́ náà jókòó tí wọ́n ń wò ó. Lórí Chrome, ẹ tẹ lẹ́tà kan péré síbi àdírẹ́sì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí ẹ ti lọ. Àwọn bookmark tó tò sókè, ìyẹn àwọn ojú-ewé tí ẹ sàmì sí kí ẹ lè tètè padà síbẹ̀, àwọn náà ń sọ̀rọ̀. Ctrl, Shift àti B, tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n pọ̀, á fi wọ́n pamọ́. Èmi ní profile ọ̀tọ̀ lórí Chrome tó jẹ́ fún ìpàdé nìkan, kò mọ nǹkan kan nípa mi.

Ẹ̀yin akápò ni mo fẹ́ fi èyí bá wí jù: ìwé owó yín ní ojú-ewé tó pọ̀ nísàlẹ̀. "Gbèsè." "Sàdáká." "Àwọn tí a ràn lọ́wọ́." Ẹnikẹ́ni tó bá ń wò ó ló ń rí àkọlé wọ̀nyẹn, kódà tí ẹ ò bá ṣí wọn. Ẹ sọ ojú-ewé tí ẹ fẹ́ fi hàn di PDF, kí ẹ ṣí PDF yẹn nìkan. Kò gba àkókò rárá.

Àfáà Ẹ̀pẹ́

Bismillaah. Bàbá Kọ̀ǹpútà ti sọ tirẹ̀, ó sì bá ẹ̀sìn mu. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún ẹni tó bi í nípa ràkúnmí rẹ̀ pé kó so ó mọ́lẹ̀ ná, kó sì gbára lé Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí òun ni gbogbo yín gbójú fò. Nínú Súrà An-Nuur, àáyà 27, Ọlọ́hun ní kí á má wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi gbàyè, tí a ó sì kí àwọn ará ilé. Àáyà tó tẹ̀ lé e ní tí wọ́n bá ní "ẹ padà", kí ẹ padà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá, àgò la fi ń wọlé, ẹni tí kò bá gbọ́ "àgò yà" a dúró síta.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí Sahl ọmọ Sa'd gbà wá, tó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ọkùnrin kan yọjú wo yàrá Ànábì láti inú ihò kan lára ilẹ̀kùn. Òòyà onírin wà lọ́wọ́ Ànábì, ó ń fi họ orí. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, òun ì bá ti fi gún ojú rẹ̀. Nítorí ojú ni wọ́n ṣe ní kí èèyàn máa gbàyè. Ẹ wo ọkùnrin yẹn dáadáa. Kò wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta. Kò mú nǹkan kan. Ojú rẹ̀ nìkan ló wọlé, ó sì ti tó láti bá a wí.

Báyìí, akápò ló ṣílẹ̀kùn fún yín, òótọ́ ni. Ìwé owó ló pè yín wá wò, kò pè yín wá ka lẹ́tà ẹlòmíì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì bà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ànábì sọ fún Aliyy pé ìwò àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀, èkejì kì í ṣe tirẹ̀. Lórí wíwo obìnrin ni hádíìsì yẹn wá, àmọ́ èmi ò rí ìdí tí kò fi ní kàn wá níbí. Ẹni tó kà á dé ìparí, tó tún súnmọ́ ojú fóònù kó lè rí orúkọ, ti wo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó yà á wá ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá rí àwòrán náà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló yá wọn lójú.

Súrà Al-Hujuraat, àáyà 12, kó itọpinpin àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pọ̀ sójú kan, ó sì ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn dà bí ẹni tó ń jẹ ẹran ara arákùnrin rẹ̀ tó ti kú. Kì í ṣe èèṣì ni méjèèjì fi wà pọ̀. Ohun tí èèyàn bá tọ pinpin rí, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á dúró.

Gbangba Làṣá Ń Ta

Ẹ má bínú o. Mo rò pé a ti ń sọ ọ́ di ńlá jù. Mùsùlùmí tó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun, bí inú rẹ̀ ṣe rí ni ìta rẹ̀ á ṣe rí. Tí mi ò bá ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́, kí ni mo fẹ́ máa pa ìfitónilétí fún? Ọlọ́hun ṣáà ń rí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń bo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló yẹ kí á bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà BVN yín síbí. Ẹ̀yin ò ṣáà ní nǹkan tí ẹ ń fi pamọ́.

Ọmọ Àdínnì, Peckham

Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀, wọn ò kàn ní í sọ ọ́ síta ni.

Ẹ wò ó, sà. Ọlọ́hun ń rí i, òótọ́ ni. Ọlọ́hun yẹn náà ló fẹ́ kí á máa bora wa láṣìírí. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé gbogbo ìjọ Ànábì ló máa rí àforíjìn àfi àwọn tó ń ṣe é ní gbangba: ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ lóru, tí Ọlọ́hun bò ó, tó wá jí láàárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara rẹ̀ fún aráyé. Tí ẹlẹ́ṣẹ̀ pàápàá bá ní ìbora, ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni ẹni tí kò rówó ilé san dá?

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà akápò kì í ṣe ti akápò. Òun fúnra rẹ̀ lè má ní nǹkan ìtìjú kankan láyé. Àmánà àwọn ẹlòmíì ló gbé dání. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí. Tí ojú kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ bá ṣí níwájú àwọn èèyàn, orúkọ bàbá tí kò lè dá jókòó mọ́ ló wà níbẹ̀, oògùn tó ń lò ló wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ni í, mi ò lè ní "mi ò ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́".

Anas ọmọ Maalik ṣì kéré nígbà tí Ànábì rán an níṣẹ́ kan. Ó pẹ́ kó tó délé. Ìyá rẹ̀ ní kí ló dá a dúró, ó ní Ànábì ló rán òun níṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ó ní àṣírí ni. Ìyá rẹ̀ ní kó má sọ àṣírí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ẹnikẹ́ni o. Muslim ló gbà á wá. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn gan-an. Ká ní ìyá tèmi ni, igbá ọbẹ̀ ì bá ti fò.

Gbangba Làṣá Ń Ta

Ó dáa, ní ti àmánà ẹlòmíì, ó yé mi. BVN o, mi ò kọ ọ́ o. Síbẹ̀, mo ṣì rò pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn, kó pe èèyàn sórí fóònù.

Olùkọ́ Kéú, Ìlọrin

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílùú òyìnbó ní kéú lórí Zoom, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i. Ọ̀rọ̀ ìwé àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan lẹ ti ń sọ. Yàrá náà ń hàn. Ọmọ á ṣí kámẹ́rà, ìyá rẹ̀ á gba ẹ̀yìn kọjá láìborí, kò mọ̀ pé kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá yí ojú kúrò, màá ní kí ọmọ náà gbé fóònù kọjú sí ibòmíì kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ògiri. Mi ò ní dárúkọ ìyá rẹ̀, mi ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ létí àwọn ọmọ yòókù.

An-Nuur tí Àfáà wa kà yẹn náà, ẹ lọ síwájú dé àáyà 58. Ọlọ́hun dárúkọ ìgbà mẹ́ta tí àwọn ọmọ ilé tí kò tíì bàlágà pàápàá gbọ́dọ̀ gbàyè kí wọ́n tó wọlé tọ àgbà: ṣáájú ìrun Àsùbá, ọ̀sán tí èèyàn ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ sinmi, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Àáyà yẹn ni mo fi ń pín àkókò kíláàsì. Aago ló máa ń da nǹkan rú. Lẹ́yìn Ìṣáì lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ni ní Texas. Àwọn òbí á ní "Àfáà, ẹ jẹ́ ká ṣe é nígbà yẹn, ọmọ ti ti ilé-ìwé dé". Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ilé tèmi ńkọ́? Ìyàwó mi ti bọ́ hìjáábù sílẹ̀, àwọn ọmọ mi ti wọṣọ orun. Mo wá gbé tábìlì mi sí igun kan tí kò sí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán tí Zoom fi ń bo ẹ̀yìn èèyàn, ẹ má gbára lé e. Tí ẹlòmíì bá yọ lẹ́yìn yín, ó lè gbà pé òun náà wà lára àwọn tó yẹ kó hàn, kó sì gbé e jáde kedere.

Share Screen, èmi nìkan ni mo fún láyè láti lò ó nínú kíláàsì mi. Inú Host tools lẹ ti máa rí i. Ìdí ni pé fóònù bàbá wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí fi ń kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá ń tẹ gbogbo ohun tó bá rí, ọjọ́ tó bá tẹ Share Screen, ohun tó wà lórí fóònù bàbá rẹ̀ ló máa tú síta níwájú ọmọ ogún ilé. Remote control náà, tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì máa darí kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn, ẹ pa á. Waiting room tó ń mú kí ẹni tó fẹ́ wọlé dúró lẹ́nu ọ̀nà ná, ẹ má pa ìyẹn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni Zoom ti ń ṣí i sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí àwọn aláìníṣẹ́ ń já wọ ìpàdé olóòótọ́ láti gbé ìwòkuwò síbẹ̀. Mo rí i tí àwọn mọ́ṣáláṣí kan ń yọ ọ́ kúrò kí wàásì lè rọrùn láti wọ̀. Fún wàásì, ó yé mi. Fún kíláàsì ọmọdé, rárá o.

Òbí kan ní kí n máa gba kíláàsì sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè tún un gbọ́. Mo ní ohùn ọmọ àwọn ẹlòmíì wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ná. Méjì nínú àwọn òbí náà kọ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń ka súrà sórí fóònù báyìí, mo sì ń fi ránṣẹ́.

Aláṣọ Ọ̀ṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ti fóònù ńkọ́? Aṣọ ni mò ń tà. Oníbàárà á pè mí lórí WhatsApp pé kí n fi àńkárá tó wà nílẹ̀ han òun. Tí mo bá ṣí gallery, àwòrán tí mo yà nínú yàrá láìborí wà láàárín àwọn aṣọ, ó ń hàn wúruwùru.

Bàbá Kọ̀ǹpútà

Ẹ má ṣí gallery fún ẹnikẹ́ni, mà. Ọdún 2023 ni WhatsApp gbé èyí dé, pé kí èèyàn lè fi ojú fóònù hàn nígbà ìpè tó ní àwòrán. Fóònù náà á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín pé gbogbo ohun tó bá yọjú, àti pásíwọ̀ọ̀dù, àti owó, àti fọ́tò, ni ẹni òdìkejì máa rí. A kì í ka ìkìlọ̀ yẹn, a kàn ń tẹ̀ ẹ́ kó kúrò lójú ni. Lórí àwọn Android tó jẹ́ tuntun díẹ̀, ó máa bi yín bóyá áàpù kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ fi hàn. Tí tiyín bá bi yín bẹ́ẹ̀, áàpù kan ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n gallery náà áàpù kan ni, kò ní gbà yín lọ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ẹ jọ máa wò ó bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò sí ìdí tí fóònù yín fi gbọ́dọ̀ ṣí. Àwòrán yín tí ẹ ò borí nínú rẹ̀, tí ẹ bá ń lo Google Photos, Locked Folder wà níbẹ̀. Ẹ kó wọn síbẹ̀, wọn ò ní yọjú láàárín àwọn yòókù mọ́.

Ọmọ Àdínnì, Peckham

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí, ẹ má jẹ́ ká kọjá lára ti àwọn ìyá wa. Ẹnì kan á pè wọ́n: "Òṣìṣẹ́ báńkì ni mí, mà, àkáǹtì yín fẹ́ ti pa, ẹ tẹ ibi báyìí kí n lè bá yín tún un ṣe." Ibi tó ní kí wọ́n tẹ̀ yẹn ni Share Screen. Báńkì á fi nọ́ńbà OTP, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí owó tó fẹ́ jáde, ránṣẹ́, yóò yọ lókè fóònù, olè á kà á láti ibi tó wà. Àwọn míì á ní kí wọ́n gbé AnyDesk sórí fóònù. Áàpù gidi ni AnyDesk, ó ń jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn rí ojú ẹ̀rọ ẹlòmíì, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń lò ó. Olè náà ń lò ó. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò yín pé kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó ní láti rí ojú fóònù wọn.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn pàápàá, kí n tó bá wọn tún nǹkan ṣe báyìí, mo máa ń sọ pé, "Ìyá mi, gbogbo ohun tó bá wà lórí fóònù yín ni màá rí o." Wọ́n á ní, "Kí ni mo ní tí o ò mọ̀?" Síbẹ̀, wọ́n á ní kí n dúró ná, wọ́n á lọ pa nǹkan kan rẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mi ò bi wọ́n rí.

Ọmọ Ìwó

Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù

Kí n fi òfin kún un ní ṣókí. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo dátà aráàlú ní Nàìjíríà. Ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé rẹ̀ fún ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ jọ sínú ìwé kan kò lè máa sọ pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ tó bá ń ka èyí, ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ tún wo àwọn tó wà lórí ìpàdé. Nígbà míì, ẹ máa rí orúkọ kan tó parí sí Notetaker. Èèyàn kọ́ nìyẹn, ẹ̀rọ ni, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ló ń kọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè ta ló ni í, tí kò bá sẹ́ni tó jẹ́wọ́, ẹ lé e jáde.

Ìyá Hámídà, Ìbàdàn

Jazaakumullaahu khayran, gbogbo yín. Ó ku ìbéèrè kan, Àfáà wa. Ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ná. Ẹni tó yà á, àti àwa tí àwòrán yẹn ti dé fóònù wa láìbèèrè, kí ni ká ṣe?

Àfáà Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà kí ẹ lè sọ pé "ẹ wo ohun búburú tí wọ́n ṣe". Èyí ni Èṣù fi ń mú àwọn ẹni rere: wọ́n á máa bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí, àwòrán náà á sì máa rìn lọ́wọ́ wọn. Tí ẹnì kan bá bi yín pé "ta ni arábìnrin yẹn?", ẹ má dá a lóhùn.

Ẹni tó yà á, ìtúúbá rẹ̀ ju kó ní "astagfirullaah" lọ, nítorí ẹ̀tọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Kó bá gúrúùpù tó gbé e sí sọ̀rọ̀, kó ní kí wọ́n pa á rẹ́, kó sì lọ bẹ arábìnrin náà. Láàárín àwọn méjèèjì ni o. Kó má lọ tọrọ àforíjì nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ìyẹn á tún jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni akápò. Ànábì ní ẹni tó bá bo Mùsùlùmí láṣìírí, Ọlọ́hun á bo òun náà láṣìírí. Gúrúùpù kò sí nínú rẹ̀.

Tí owó bá sì wà lápò ẹgbẹ́, ẹ yá a. Ohun tó bèèrè nìyẹn. Ó yà mí lẹ́nu pé láti òwúrọ̀ tí a ti ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá onílé ti lé wọn.

Olùkọ́ Kéú, Ìlọrin

Òótọ́ ọ̀rọ̀, Àfáà. Kí n fi kan kún un fún àwọn alága ìpàdé: tí nǹkan tí kò yẹ bá yọjú, ẹ má pariwo pé "Akápò, WhatsApp yín ń hàn o!" Gbogbo ẹni tí kò wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa wo ibẹ̀. Ẹni tó ni ìpàdé láṣẹ láti dá a dúró fúnra rẹ̀. Stop participant's sharing ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ní íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège... rárá, ẹ má purọ́. Ẹ kàn ní "ẹ dúró díẹ̀", ó tó.

Alhájà Ẹlẹ́ran

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́hun á máa ràn yín lọ́wọ́. Gbogbo Windows tí ẹ ń kà yẹn, èmi ò ní in. Tecno ni mò ń lò, òun ni mo fi ń wọ ìpàdé àdínnì. Mo fa òkè fóònù wálẹ̀ bí ọmọ-ọmọ mi ṣe kọ́ mi, mo tẹ Do Not Disturb. Ìpàdé lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ohun tó yọjú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, fóònù ò pe ìrun mọ́. Alásàárì kọjá, kò ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pa á yìí, kí ni ká wá ṣe sí ìpè ìrun?

Bàbá Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́, Alhájà. Tí ìpàdé bá ti parí, ẹ tún tẹ ibẹ̀ kó lè ṣí padà. Tí ẹ ò bá fẹ́ máa rántí ìyẹn, ẹ tẹ àmì kan náà mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò. Yóò gbé ètò rẹ̀ jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Apps sí, ẹ fi áàpù ìpè ìrun yín sínú àwọn tó láṣẹ láti dún. Ó lè má rí bákan náà lórí gbogbo Tecno, ọmọ-ọmọ yín á bá yín rí i. Ìpè ìrun nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀ o, mà. Ẹ má fi WhatsApp kún un.